Wọ́n Pa Apá-Irin Lójú Ewé Ìkẹyìn

Ayàwòrán fi kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ọrùn rẹ̀ ṣí àgádágodo. Ó ti ilẹ̀kùn irin. Ilẹ̀kùn ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wọlé, ó tan iná, ó wo tábìlì.

Tábìlì ṣófo.

Ó wo abẹ́ tábìlì. Ó wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó da àpótí bébà rẹ̀ sílẹ̀ yáúyáú. Gbogbo ojú ewé ìwé kejì, iṣẹ́ ọdún kan gbáko, ti lọ. Irin ojú fèrèsé wà níbi tó wà. Kò sí àpá lára àgádágodo. Bí kì í bá ṣe atẹ́gùn ló jalè, a jẹ́ pé ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ló wọlé.

Ó figbe ta. Kì í ṣe igbe ẹkún o. Igbe ìbínú ni, irú èyí tí ẹni tó ń sùn ní òpin àdúgbò á gbọ́, tí á sì máa wá bàtà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí lélẹ̀ dáadáa, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìwé àwòrán ni ìwé tí à ń wí yìí. Akọni márùn-ún ló wà, kálukú ló sì ní ìwé tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ wọn ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kó wọn pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo. Ayàwòrán gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó kó wọn pọ̀, ó pè wọ́n ní Ẹgbẹ́ Aláàbò, ó sì fi Apá-Irin ṣe olórí wọn. Ìwé kìíní jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Kó tó di ọ̀sán, inú ti ń bí gbogbo ìlú. Lójú ewé ìkẹyìn, ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Oníbòjú gbé ọ̀pá irin, ó lu Apá-Irin ṣubú, ó sì dúró lé e lórí. Ìwé kìíní! Ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ ni wọ́n sin bàbá.

Wọ́n fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù ìwé tó wà nísàlẹ̀ yàrá ayàwòrán. Wọ́n jó ìwé lójú títì. Onítàwé sáré ti ayàwòrán mọ́ yàrá ẹrù, láàárín páálí, kí wọ́n má baà fà á ya. Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ ló tó gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé gòkè, tó wá bá tábìlì òfìfo.

Sájẹ́ńtì tí wọ́n rán wá, obìnrin ni, ó lọ́ra lẹ́sẹ̀, kò lọ́ra lójú. Ó ti ilẹ̀kùn irin, ó wọlé.

"Ẹ kú ìrọ́jú, àǹtí."

"Ẹ má kí mi. Ẹ bá mi mú olè."

"Ta lẹ fura sí?"

"Gbogbo ìlú! Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè mí nísàlẹ̀ ni? Apààyàn! Èmi tí mo máa ń yà fún èèrà lọ́nà."

"Ẹ kúkú pa Apá-Irin."

Ayàwòrán yíjú sí i wàràwàrà. "Ẹ̀yin náà ń kà á?"

"Ọkọ mi ló ń kà á. Kò tíì fẹnu kan oúnjẹ láti àárọ̀." Sájẹ́ńtì jókòó. "Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló ń ṣí ibí?"

"Ọ̀kan. Ó wà lọ́rùn mi. Mo fi ń wẹ̀, mo fi ń sùn."

"Bí a ò bá rí ìwé náà ńkọ́?"

Ayàwòrán gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n bí ewé tí ẹyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kúrò lórí rẹ̀. "Dókítà ti ní kí n sinmi. Ọwọ́ yìí kò lè yà á lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ Ẹtì ni ilé ìtẹ̀wé fẹ́ gbà á. Olóòtú sì ti sọ ọ́ lónìí, pẹ̀lú ariwo yìí, pé bí mo bá fi ọjọ́ kan pẹ́, òun á pa Ẹgbẹ́ Aláàbò rẹ́ pátápátá. Apá-Irin á kú lóòótọ́ nígbà yẹn. Gbogbo wọn á kú."

Sájẹ́ńtì dìde, ó lọ síbi ògiri. Ojú ewé kan ṣoṣo ló kù, ìṣó ni wọ́n fi kàn án mọ́bẹ̀. Ojú ewé ìkẹyìn ìwé kìíní ni, èyí tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ó sún mọ́ ọn. Lábẹ́ yíǹkì dúdú tí wọ́n fi ya ìbòjú Oníbòjú, ó rí ìlà búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ojú èèyàn ni. Ọ̀dọ́bìnrin ni, àgbọ̀n rẹ̀ ní kòtò kékeré láàárín, bí ẹni pé wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí, ta nìyí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó!" Ayàwòrán bọ́ síwájú rẹ̀. "Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Pẹ́ńsù búlúù ni mo kọ́kọ́ fi ń ya ojú, kí n tó wá fi yíǹkì ya ìbòjú lé e. Ìbòjú tí kò bá ní ojú lábẹ́, ṣe ló máa rí bí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í rí búlúù yẹn. Dúdú nìkan ló ń rí. Nínú ìwé tí wọ́n ń tà, ìbòjú lásán lẹ máa bá níbẹ̀."

"Ta ló ti rí ojú yìí?"

"Èmi. Àti ẹni tó jókòó fún mi tí mo fi yà á, kò sì gbé àdúgbò yìí mọ́. Olóòtú gan-an ní kí n má sọ fún òun. Èmi fúnra mi ni mo gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, mi ò jẹ́ kí atẹ̀wé sún mọ́ ọn. Inú ìwé kejì ni Oníbòjú á ti ṣí ojú."

"Ta wá ni?"

"Mi ò ní sọ. Ẹ tì mí mọ́lé bó bá wù yín."

Sájẹ́ńtì wo ojú búlúù náà. Ó wo ojú Apá-Irin tó nà sílẹ̀. Ó ní, "Apá-Irin yìí ńkọ́? Ṣé inú orí lẹ ti rí i?"

"Rárá o. Bàbá Wẹ́dà tó wà ní òpópónà ẹ̀yìn ló jókòó fún mi. Apá ẹ̀, ojú ẹ̀, gbogbo rẹ̀."

Nísàlẹ̀, Onítàwé ń gbá gíláàsì. Bó ṣe ń gbálẹ̀ ló ń ṣépè, ìgbálẹ̀ kan, èpè kan.

"Ìyá, ẹ rọra. Gíláàsì á gé yín."

"Kó gé mi! Kí ló kù tí wọn ò tíì gé? Ẹ wo ìwé tí wọ́n dá padà, wọ́n ga jù mí lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan dá tirẹ̀ padà tán, ó ní kí n dá omijé òun náà padà. Ṣé èmi ni mo bá a sun ún ni?"

"Níbo lẹ wà nígbà tí wọ́n ń jó ìwé?"

"Lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ẹrù. Mo jókòó tì í bí adìẹ tó sàba. Ẹni tó bá fẹ́ pa àǹtí yẹn, á kọ́kọ́ gbé mi, mo sì wúwo."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan lókè?"

"Kí ni ǹ bá gbọ́? Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́. Ó máa ń ké bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìta. Àìmọye ìgbà ni mo ti ní kó fi epo sí i. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé aago òun ni. Lónìí, kò ké rárá."

"Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ gòkè ńkọ́?"

Ìgbálẹ̀ dúró. "Ẹ̀n-ẹ́n. Nígbà yẹn náà, mi ò gbọ́ ọ."

"Ó dáa. Ta lẹ̀yin rò pé ó jẹ́ Oníbòjú?"

"Ìjì ni! Ọ̀rẹ́ Apá-Irin nínú Ẹgbẹ́ Aláàbò, tó ń jowú rẹ̀. Ọmọdé ilé ìwé mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Bí Sájẹ́ńtì ṣe ń jáde, Onítàwé fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì. Ariwo ilẹ̀kùn náà mú ajá kan dìde lódìkejì títì. Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó ń báni wí pé kó fi epo sí ilẹ̀kùn!

Ó tún gòkè. Ó ṣí ilẹ̀kùn irin, ó pa á dé. Ó ṣí i, ó pa á dé. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Ìpẹtà bo gbogbo ara ilẹ̀kùn, àfi ibì kan: orí ọ̀pá kékeré tó wà nínú ìńjì, níbi tí ilẹ̀kùn ti gbé kọ́ férémù. Orí ọ̀pá méjèèjì ń dán, àpá òòlù tuntun sì wà lára wọn. Ó fi ìka kàn án. Gíríìsì dúdú tó ki lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó mọ̀ pé èèyàn lè yọ ọ̀pá ìńjì, kó gbé ilẹ̀kùn kúrò láìfọwọ́ kan àgádágodo. Ìyẹn yé e. Èyí tí kò yé e ni pé, olè wo ló máa gbé ilẹ̀kùn padà tán, tó máa wá fi gíríìsì sí i fún onílé?

Télọ̀ kan ló ṣíwájú àwọn tó jó ìwé lójú títì, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Apá-Irin. Alága ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó wà nídìí máṣíìnì rẹ̀, ó fi aṣọ dúdú wé orí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo jó o!" Kí Sájẹ́ńtì tó jókòó ni télọ̀ ti pariwo. "Èmi ni mo rà á, èmi ni mo jó o. Òfin wo ni mo rú?"

"Wọ́n ní ẹ sọ pé ọwọ́ tó ya ìwé náà á rọ."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Sájẹ́ńtì, ẹ má fi mí ṣeré o. Aṣọ Apá-Irin ni mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ìyàwó mi kò tíì dárí jì mí dòní. Kí wọ́n wá pa á bí ẹni pa ẹ̀fọn? Nínú ìwé kìíní?"

"Wọ́n jí ìwé kejì lónìí, ní àsìkò tí ẹ̀ ń dáná."

Ẹsẹ̀ télọ̀ dúró lórí máṣíìnì. "Wọ́n jí i? Báwo la ṣe máa wá mọ̀ bóyá Apá-Irin jí dìde?"

Sájẹ́ńtì fi ọkàn sí ìyẹn. Ìgò epo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Ó fi ìka bọ̀ ọ́. Epo náà mọ́ gaara bí omi òjò.

"Ta ló jẹ́ Oníbòjú, Alága?"

"Apá-Irin fúnra rẹ̀ ni! Ó ti ọjọ́ iwájú padà wá. Mo ní ẹ̀rí."

"Mo gbà. Ta lẹ rí nídìí iná yẹn?"

"Ta ni mi ò rí? Gbogbo ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀. Bàbá Wẹ́dà náà wà níbẹ̀, ẹni tó ni ojú Apá-Irin gan-an. Mo pè é pé kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣáná sí ìwé náà, kó lè dùn lójú. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí i mọ́. Bóyá ó ti lọ sọkún. Èèyàn kì í rí òkú ara rẹ̀ lójoojúmọ́."

Sájẹ́ńtì darí sílé. Inú ń bí Onítàwé, inú ń bí télọ̀, inú ń bí ayàwòrán. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ọkọ rẹ̀ jókòó ti oúnjẹ àárọ̀.

"Ìyá wọn, ṣé ẹ ti mú un?"

"Mú ta?"

"Ayàwòrán yẹn!"

"Òun ni wọ́n jà lólè, bàbá wọn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ta ni Oníbòjú?"

"Àbúrò Apá-Irin ni, èyí tó bómi lọ. Ó hàn gbangba."

"Kò ha lè jẹ́ ọmọ rẹ̀?"

Ọkọ rẹ̀ wò ó bí ẹni tó bú ìyá rẹ̀. "Ọmọ wo? Apá-Irin kò bímọ! Láti ọdún tí mo ti ń ka ìwé rẹ̀, kò bímọ. Ṣé o tilẹ̀ kà á rí?"

"Mi ò kà á rí. Jẹun."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Sájẹ́ńtì dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Wẹ́dà. Géètì ńlá ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ìka kan tì í, ó ṣí, kò dún pín-ín. Wẹ́dà ń pọ́n ọ̀pá irin lórí òkúta. Apá rẹ̀ tóbi bí ìtì igi. Àgbọ̀n rẹ̀ ní kòtò láàárín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, agolo gíríìsì kan wà ní ṣíṣí, dúdú bíi kóòlù.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ẹ káàárọ̀. Bó bá jẹ́ ti ìwé burúkú yẹn lẹ bá wá, mi ò lọ́rọ̀ sọ."

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni Apá-Irin."

"Mo ti kú, ẹ ò gbọ́ ni?" Ó ju ọ̀pá náà sílẹ̀, ó dún gbàgà. "Àìmọye ọdún ni mo fi jókòó lórí àga gbígbẹ nínú yàrá yẹn, tí ẹ̀yìn ń ro mí, kí ayàwòrán lè ráyè ya apá mi. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé mi lójú títì. Àná, obìnrin kan dá mi dúró, ó bá mi kẹ́dùn ikú ara mi! Ó ní kí n fara balẹ̀!"

"Ìgbà wo lẹ wọ yàrá náà kẹ́yìn?"

"Ó ti pẹ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí rárá. Mi ò débẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe ilẹ̀kùn irin ibẹ̀?"

"Èmi ni."

"Wọ́n ní ṣe ló máa ń ké bí ewúrẹ́."

"Torí pé kò tọ́jú ẹ̀ ni! Ìtìjú ni! Ilẹ̀kùn tí mo fọwọ́ mi ṣe, kó máa—" Ó gbé ìyókù ọ̀rọ̀ mì. Ó mú òòlù, ó tún gbé e sílẹ̀.

Sájẹ́ńtì fa àga kan, ó jókòó. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọkọ mi náà kò jẹun. Ikú Apá-Irin yìí dùn gbogbo wa."

"Ikú?" Wẹ́dà rẹ́rìn-ín tí kò ní ẹ̀rín nínú. "Ta ni kò ní kú? Kí òkè wó lù mí, mo gbà. Kí ọ̀tá mẹ́wàá kó mi láàárín, mo gbà, akọni ni mí. Ṣùgbọ́n kí ọmọ gbé irin lu bàbá tó bí i lọ́mọ! Kí gbogbo ayé máa wò ó! Ìyẹn ni mi ò gbà. Mi ò gbà láéláé!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

"Bàbá," ni Sájẹ́ńtì wí, "ta ló sọ fún yín pé ọmọ rẹ̀ ni?"

"Ó... ó wà nínú ìwé."

Sájẹ́ńtì yọ ìwé kìíní nínú báàgì, ó nà án sí i. "Ẹ fi hàn mí."

Wẹ́dà ṣí ojú ewé ìkẹyìn. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó gbé e lọ sí ìmọ́lẹ̀. Ìbòjú dúdú ló wà níbẹ̀, kò sí ojú, kò sí àgbọ̀n, kò sí nǹkan kan. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ẹ ò ní rí i," Sájẹ́ńtì wí. "Pẹ́ńsù búlúù ni wọ́n fi yà á. Ẹ̀rọ kì í rí i. Onítàwé ní Ìjì ni. Alága ní Apá-Irin fúnra rẹ̀ ni. Ọkọ mi ní àbúrò ni. Nínú gbogbo ìlú, kò sẹ́ni tó pe Oníbòjú lọ́mọ, àfi ẹni tó dúró níwájú ògiri inú yàrá yẹn. Ẹ̀yin lẹ ṣe ilẹ̀kùn, ẹ mọ̀ pé ìńjì rẹ̀ ṣeé tú látìta. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń pariwo níwájú, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé gòkè. Ariwo wọn bo ti òòlù yín mọ́lẹ̀. Ẹ yọ ọ̀pá méjèèjì, ẹ gbé ilẹ̀kùn kúrò. Apá tó lè gbé ilẹ̀kùn yẹn láìsí olùrànlọ́wọ́ kò pọ̀ nílùú yìí. Ẹ kó ìwé. Ẹ gbé ilẹ̀kùn padà. Ibi tí ó yẹ kí ẹ ti sá lọ nìyẹn, Bàbá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ń ké, ojú sì ń tì yín. Ẹ fi gíríìsì sí i."

Bàbá Wẹ́dà wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ náà ló tú àṣírí.

Ìgbà yẹn ni ayàwòrán já wọlé. Sájẹ́ńtì ti ní kó dúró lẹ́yìn géètì, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró?

"Ìwọ!" Ọ̀wọ̀ tó ti ń fún un láti ọjọ́ yìí fò lọ. "Ìwọ tí mo fún ní ojú tí gbogbo ayé mọ̀! Níbo lo kó iṣẹ́ mi sí?"

"Ojú tí gbogbo ayé mọ̀!" Wẹ́dà fò dìde. "Ìyẹn ni mo ń sọ! Gbogbo ayé ló mọ̀ pé èmi ni. Bí Oníbòjú bá ṣí ojú, ta ni kò ní mọ̀ pé ọmọ mi ni? Ṣe ni mo gòkè lọ láti bi ọ́ pé kí ló dé. Mi ò bá ọ. Àpò iṣẹ́ mi wà léjìká, mo wá ní kí n kúkú wọlé wo ìwé kejì, bóyá màá tún jí dìde. Mo wọlé, mo rí ojú ọmọ mi lára ògiri. Ọmọ mi, tí kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́! Ó jókòó fún ọ kó lè pa mí!"

"Kí ló dé tí kò bá yín sọ̀rọ̀ mọ́?" Sájẹ́ńtì bi í.

Wẹ́dà mú ọ̀pá irin tó jù sílẹ̀. "Ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi. Mo ní iṣẹ́ iná kì í ṣe ti obìnrin. Ó gbé irin, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún gbé e, mo lé e jáde lójú àwọn oníbàárà. Ó lọ kọ́ ọ níbòmíràn." Ó fọwọ́ nu ojú. "Mi ò lè jẹ́ kí ayé rí i. Mi ò ka ìwé kejì kọjá ojú ewé kìíní. Mi ò lè wò ó."

"Níbo ló wà?"

Ó tọ́ka. Ilẹ̀kùn irin tuntun kan fara ti ògiri, èyí tí wọ́n fi páànù méjì lẹ̀ pọ̀, tó ṣófo láàárín. Ó ti kó ìwé náà sáàárín, ó sì ti fi iná jó ẹnu rẹ̀ pọ̀.

Ayàwòrán gbá orí mú. "O fi iná jó o!"

"Ìwé jìnnà síbi tí iná dé. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi iná ṣí i, ẹnu ibẹ̀ á gbóná, a ò mọ ibi tí ìwé yọ́ sí. Ayùn ni, ayùn tútù, pẹ̀lú sùúrù." Ó mú ayùn irin. Ojú rẹ̀ kò sí níbi tó ń gé. Ayùn yọ̀, ó ha páànù gbìràgbìrà. Ó tún gbìyànjú. Ó tún yọ̀. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Ayàwòrán ti yọ fóònù. "Ọ̀la ni Ẹtì. Mo mọ ẹni tí màá pè."

Ọmọbìnrin tó dé lẹ́yìn náà wọ aṣọ iṣẹ́ tí ẹ̀ta iná ti lù níhò. Àgbọ̀n rẹ̀ ní kòtò kékeré láàárín. Ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára ògiri. Bàbá dáhùn, ó ń wo ilẹ̀. Ọmọ mú ayùn tirẹ̀ jáde, ó fi ìka wá ojú ibi tí iná gbà, ó bẹ̀rẹ̀.

"Má tẹ̀ ẹ́ jù," ni bàbá wí.

"Mo mọ̀."

"Àgékù irin á—"

"Bàbá, mo mọ̀."

Bàbá fọwọ́ sẹ́yìn. Ó ń wo bí ayùn ṣe ń lọ tààrà, tó ń bọ̀ tààrà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ irin á rí i pé ọwọ́ ẹ̀kọ́ ni, ọwọ́ tó sì jọ ti ẹnì kan ni.

Páànù là. Ayàwòrán ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ìwé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pé. Kò jó, kò ya. Ó mú ojú ewé ìkẹyìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lu Bàbá Wẹ́dà nímú.

"Ó yá, wò ó! Olè tí kì í ka ẹrù tó jí!"

Wẹ́dà wò ó. Oníbòjú ti ṣí ojú. Irin apá Apá-Irin, tí ọ̀tá ti sọ di ìdè mọ́ ọn lára, ló lù já, kì í ṣe Apá-Irin. Bàbá náà ṣì mí. Ó jókòó sílẹ̀ láìní irin lápá, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ de irin náà mọ́ apá ọmọ rẹ̀.

"Kí ló dé tí o gbà láti jókòó fún wọn?" Wẹ́dà bi ọmọ rẹ̀.

Ọmọ ń nu ayùn. Ìbínú ṣì wà lójú rẹ̀, kò fi pa mọ́. "Ẹ ò jẹ́ kí n bá yín wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí wọ́n yà mí síbi tí ẹ wà."

Ayàwòrán kó ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Lẹ́nu géètì, ó yíjú padà. "Mi ò tíì dárí jì yín o, Bàbá. Kó yé yín."

"Ó yé mi," ni Wẹ́dà wí. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Sájẹ́ńtì fún ìdè.

Adájọ́ gbọ́ ẹjọ́, ó ní kí Bàbá Wẹ́dà máa tún géètì àti ilẹ̀kùn gbogbo ilé ìwé ìlú ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, títí ọdún á fi yí po. Ilé ìwé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n ń pè wọ́n báyìí.

Ìwé kejì bá ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ tó jáde, èrò tún kún iwájú ṣọ́ọ̀bù. Onítàwé ti fi irin sí ojú gíláàsì rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí ọba. Sájẹ́ńtì wà níbẹ̀ nítorí iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nítorí ìbínú.

Alága gun orí àpótí. Ó ti tú aṣọ dúdú kúrò lórí, ṣùgbọ́n ìṣáná ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Apá-Irin kò kú, ó dáa. Àmọ́ ta ni wọ́n gbé irin wọ̀? Obìnrin! Ẹni tí a ò mọ̀ rí! Ọmọ ta ni? Mo ní ọmọ ta ni?"

"Ọmọ ta ni?" ni èrò gbè é.

Ẹnì kan ń fi èjìká la èrò bọ̀. Apá rẹ̀ tóbi bí ìtì igi. Ó dé iwájú, ó gba ìṣáná lọ́wọ́ Alága, ó rún un mọ́wọ́. Iṣan ọrùn rẹ̀ dìde.

"Ọmọ mi ni!" Bàbá Wẹ́dà bú ramúramù, ó dún dé òpópónà ẹ̀yìn. "Ojú mi nìyí, ojú rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo bí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó jáde síwájú mi níbí!"

Kò sẹ́ni tó jáde.